Ogún Ìṣẹ́jú Kí Bọ́ọ̀lù Tó Bẹ̀rẹ̀: Ohun Tí FIFA 11+ Ṣe fún Ẹgbẹ́ Wa ní Òṣogbo

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kò sí ní ọjà, kò sì ní iye owó. FIFA 11+ ni orúkọ rẹ̀. Ètò ìmúgbóná ara ni, tí àjọ tí ó ń darí bọ́ọ̀lù lágbàáyé gbé jáde fún àwọn agbábọ́ọ̀lù láti ọmọ ọdún 14 sókè, kí ìpalára lè dín kù lára wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù tí ó lè ṣí íntánẹ́ẹ̀tì lè rí ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọkùnrin 22 tí mo ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù ní pápá ilé-ìwé kan ní apá Òkè-Báálẹ̀, ní ìlú Òṣogbo, ti lò ó fún sáà kejì àti sáà kẹta ọdún yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ àti nínú òjò. Ojú mi ti rí i tó láti sọ ibi tí ó ti dára àti ibi tí ó kù sí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi wá a lọ. Ní ọdún tí ó kọjá, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tí kò tilẹ̀ ní ife ẹ̀yẹ nínú, ọmọ ọdún 16 kan nínú ẹgbẹ́ wa fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tí ó fara kàn án. Nígbà tí ó ń bọ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni ó fi balẹ̀, orúnkún rẹ̀ wọ inú bí ẹni pé ó fẹ́ lọ bá èkejì, a sì gbọ́ ìró kan láti ibi tí a dúró sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúnkún náà ti wú débi pé a kò lè fa ṣòkòtò rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Àwọn kan ní àdúgbò sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni, nítorí pé òun ni ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. N kò bá wọn jiyàn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i tí orúnkún yẹn ń wọ inú nígbàkigbà tí ọmọ náà bá fò tí ó sì balẹ̀, tí n kò sì mọ ohun tí mo ń wò. Láàrin orúnkún ni iṣan kan wà tí ó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun, tí àwọn dọ́kítà ń pè ní ACL. Bí orúnkún bá wọ inú lójijì nígbà tí gbogbo ara dé lé e lórí, iṣan yẹn lè já láìsí pé ẹnikẹ́ni gbá ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò yẹ kí ó padà sí ìdíje kí oṣù 9 tó pé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ wa ni kì í rí owó iṣẹ́ abẹ náà rárá.

Ètò náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ìdárayá 15 ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú 8 àkọ́kọ́ jẹ́ ti eré sísá jẹ́ẹ́jẹ́: àwọn ọmọ a sáré lọ tààrà, wọn a gbé orúnkún sókè yí i síta, wọn a tún yí i wọlé, wọn a sá yí ẹnìkejì wọn po, wọn a fò fi èjìká kan èjìká, wọn a sì sá síwájú kí wọ́n tó fà sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú 10 tí ó tẹ̀ lé e ni ọkàn ètò náà: ìdárayá mẹ́fà fún agbára iṣan, fún ìdúróṣinṣin lórí ẹsẹ̀ kan àti fún fífò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìpele mẹ́ta láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó le. Ìṣẹ́jú 2 ìkẹyìn jẹ́ ti eré tí ó túbọ̀ yá, fífò gìrìgìrì, àti fífi ẹsẹ̀ múlẹ̀ kí a tó yà bàrá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lọ́jọ́ ìdíje, ìpín kìíní àti ìkẹta nìkan ni à ń ṣe. Ìwé náà ní kí a to kóònù méjì-méjì sí ọ̀nà mẹ́fà, kí àlàfo tí ó wà láàrin wọn tó mítà 5 sí 6. A kò ní kóònù. Ike omi 12 tí a rọ iyanrìn sí ni a tò, kò sì sí ohun tí ó ṣe é.

Kí n tó fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ohunkóhun, mo máa ń bèèrè pé ta ni ó ti lò ó rí, kí sì ni ó rí níbẹ̀. Lórílẹ̀-èdè Nọ́wè ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán ètò yìí wò gidigidi, láàrin àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 sí 17. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 2008, ó sì fi hàn pé ìpalára tí ó le dín kù ní nǹkan bí ìdajì láàrin àwọn tí wọ́n lò ó. Èyí wú mi lórí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ pátápátá, nítorí pé koríko Nọ́wè kì í ṣe ilẹ̀ pupa Òṣogbo. Ohun tí ó fọkàn mi balẹ̀ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà ṣe ní Èkó tí ó jáde ní ọdún 2014. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 20 ni wọ́n kó jọ nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ní Èkó, ọmọkùnrin tí iye wọn lé ní 400, láti ọmọ ọdún 14 sí 19. Wọ́n fi kèké pín àwọn ẹgbẹ́ náà sí ọ̀nà méjì: apá kan ṣe FIFA 11+, apá kejì ń bá ìmúgbóná ara tí ó ti mọ́ wọn lára lọ. Láàrin àwọn tí wọ́n ṣe é, ìpalára lápapọ̀ fi ìdá 41 nínú 100 kéré sí ti àwọn yòókù, ti ẹsẹ̀ sì fi ìdá 48 kéré. Ọmọ tiwa ni wọ́n, irú pápá tiwa ni wọ́n ń lò, irú oòrùn tiwa ni ó ń pa wọ́n. Mo ka iye yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pe àwọn ọmọ jọ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀ lé e.

Ohun tí ó ya ètò yìí sọ́tọ̀ sí eré yíyí pápá po lẹ́ẹ̀mẹta tí a ti ń pè ní ìmúgbóná ara tẹ́lẹ̀ ni pé orí ohun kan ni ó dúró lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: orúnkún kò gbọdọ̀ wọ inú. Bí ọmọ bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan, bí ó bá lóṣòó, bí ó bá fò tí ó balẹ̀, bí ó bá yà bàrá, ìbàdí, orúnkún àti ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kan náà, orúnkún sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀, kí ó má ṣe le gan bí igi. Ìwé náà sọ ọ́ léraléra. Ohun tí kò lè sọ fún ènìyàn ni bí a ti ń wò ó, ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé iwájú ọmọ ni kí n máa dúró sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí pé láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo orúnkún ni ó dà bí èyí tí ó tọ́. Nígbà tí ojú mi kò tíì yá tó, mo fi ṣọ́ọ̀kì pa àmì róbótó sí ojú orúnkún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ọmọ bá fò tí ó balẹ̀, tí àmì funfun náà bá kọjú sí mi, ó ṣe é dáadáa nìyẹn. Bí àmì náà bá yí wò ẹsẹ̀ kejì, a ó tún un ṣe. Nínú àwọn 22, mẹ́sàn-án ni àmì wọn yí wọ inú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rù bà mí.

Ọmọ ọdún 15 kan wà nínú wọn tí kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láìjẹ́ pé gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti rọ́ lọ́rùn ẹsẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì rí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì fà á, tí wọ́n fi òróró gbígbóná wọ́ ọ, tí ó sì padà sí pápá nígbà tí ìrora ti lọ. Ìrora lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oríkèé tí ó bá ti rọ́ rí kì í tún mọ ibi tí ó wà lórí ilẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ àfi bí a bá kọ́ ọ padà, ìdí nìyẹn tí ibi tí ó ti farapa rí fi máa ń tètè farapa sí i. Dídúró lórí ẹsẹ̀ kan ni ẹ̀kọ́ náà. Ní ìpele kìíní, ọmọ yóò di bọ́ọ̀lù mú lọ́wọ́; ní ìpele kejì, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ yóò máa ju bọ́ọ̀lù síra; ní ìkẹta, wọn yóò máa fi ọwọ́ ti ara wọn díẹ̀díẹ̀ láti wò bóyá ẹsẹ̀ yóò yẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni ọmọ yìí fi wà ní ìpele kìíní nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọjá, n kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lónìí, a máa ń tì í, kì í yẹ̀.

Èyí tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ẹ̀yìn itan. Ọmọ yóò kúnlẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ yóò di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ pinpin, òun fúnra rẹ̀ yóò sì na ara gbọọrọ láti orúnkún dé orí, yóò wá máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, tí ẹ̀yìn itan rẹ̀ nìkan yóò máa dì í mú, títí yóò fi débi tí kò lè dúró mọ́, kí ó tó fi ọwọ́ méjèèjì gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí márùn-ún ni wọ́n ní kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ṣe, 7 sí 10 ní ìpele kejì, 12 sí 15 ní ìkẹta. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó tẹ̀ ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lọ kí ó tó ṣubú gbì. Lọ́jọ́ kejì, àwọn òbí mẹ́ta pè mí lórí fóònù pé ọmọ àwọn kò lè jókòó dáadáa. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí iṣan tí kò ṣiṣẹ́ irú rẹ̀ rí ti máa ń ro nìyẹn, yóò sì kásẹ̀ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ìdí tí mo fi takú mọ́ ọn ni pé nígbà tí ènìyàn bá ń sá eré àsápajúdé, iṣan ẹ̀yìn itan ni ó ń fa ẹsẹ̀ tí ó ń lọ síwájú sẹ́yìn kí ó tó kanlẹ̀. Ó ń nà, ó sì ń dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, àsìkò yẹn gan-an ni ó sì máa ń fà ya. Ìdárayá yìí ń kọ́ ọ láti lágbára nígbà tí ó bá nà. Àwọn ìwádìí oríṣiríṣi tí wọ́n kó jọ ní ọdún 2019 fi hàn pé ẹgbẹ́ tí ó bá ń ṣe é máa ń dín ìpalára ẹ̀yìn itan kù ní nǹkan bí ìdajì. Ìwé náà kò ronú kan ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ bí tiwa, tí í máa bó orúnkún ọmọ. Ẹní tí a ká sí mẹ́rin ni à ń tẹ́ sábẹ́ orúnkún, a sì máa ń ṣa òkúta kúrò nílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ kò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni a ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé, nígbà tí aago méje bá fi lù ilẹ̀ ti ń ṣú, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sì rèé, nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 ni ó gbà wá dípò 20. Ohùn tí mo ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni pé, “Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká gbá bọ́ọ̀lù.” Èdè ìwé náà kò tún ràn wá lọ́wọ́: Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí ó dé ọwọ́ mi, orúkọ àwọn ìdárayá rẹ̀ sì gùn, kò ṣeé pariwo láti ìkangun pápá. Nítorí náà a sọ wọ́n lórúkọ. Fífi ìgbọ̀nwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ gbé ara sókè gbọọrọ di “pátákó”. Dídúró lórí ẹsẹ̀ kan di “lékeléke”. Ti ẹ̀yìn itan yẹn di “igi ń wó”. Láti ọjọ́ tí orúkọ ti dé ni ara wọn ti yá sí i, mo kàn ń ké pé “Lékeléke!” ni, gbogbo pápá á sì gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ní ìparí oṣù àkọ́kọ́, 20 ìṣẹ́jú náà ti pé géérégé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àwọn ibi tí ó kù sí, torí pé ẹni tí ó bá rò pé ètò yìí tó fún ohun gbogbo yóò ṣi ọ̀nà. Kò kọbi ara sí iṣan inú itan tó, èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa máa ń fọwọ́ dì mú lẹ́yìn tí wọ́n bá na ẹsẹ̀ gba bọ́ọ̀lù. Mo fi ìdárayá tí wọ́n ń pè ní Copenhagen kún un: ọmọ yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹnìkejì yóò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó wà lókè dání, òun yóò sì máa gbé ìbàdí àti ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ bá a lókè. Wọ́n dán an wò láàrin àwọn ọkùnrin agbábọ́ọ̀lù ní Nọ́wè, ìwádìí náà jáde ní 2019, ìṣòro ibẹ̀ sì fi ìdá 41 nínú 100 dín kù. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ó ń gbà.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ètò náà kò lè ṣe ohunkóhun sí àárẹ̀. Ọmọ kan náà ni yóò gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé rẹ̀ ní Ọjọ́rú, fún àdúgbò rẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì, tí ẹnìkan yóò tún fi mọ́tò wá gbé e lọ sí ìdíje ní ìlú mìíràn ní Sátidé, tí a ó sì retí rẹ̀ lórí pápá tiwa ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Iṣan tí kò sinmi kò mọ̀ pé a mú òun gbóná. Mo ti ní ìwé kékeré kan báyìí tí mo ń kọ iye ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ sí, mo sì ti bá àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé-ìwé méjì sọ̀rọ̀ pé kí a jọ pín ọmọ lò. Ọ̀kan gbà. Ti omi mímu nínú oòrùn tún wà níbẹ̀, kò sí nínú ètò náà, àwa ni ó yẹ kí a ṣètò rẹ̀. Ti ọkàn náà wà níbẹ̀: ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ìṣeré ńlá ti Èkó níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù, ó sì gbabẹ̀ kú, àwọn tí wọ́n wà láyé nígbà náà kò gbàgbé. Kò sí ìmúgbóná ara tí ó lè sọ fún wa pé ọkàn ọmọ kan kò dára. Ọmọ tí ó bá ń dákú, tí àyà rẹ̀ ń dùn nígbà tí ó bá ń sáré, tàbí tí ẹbí rẹ̀ kú lójijì ní kékeré, ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ mú un lọ.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí róòbù, torí pé gbogbo àpò bọ́ọ̀lù ní Òṣogbo ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ń mú awọ ara gbóná, ó sì ń mú kí ọmọ rò pé ara òun ti yá. Iṣan tí ó wà lábẹ́ awọ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan pa òun. Bí ọmọ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ lẹ́sẹ̀, kí a má ṣe wọ́ ọ, kí a má ṣe fi ohun gbígbóná sí i lọ́jọ́ náà. Omi inú ọ̀rá tí ó ti dì, tí a fi aṣọ wé, ni à ń gbé lé e kí ìrora lè rọ̀, a ó dì í, a ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè, bí kò bá sì lè fi tẹ ilẹ̀ rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, a ó lọ ya àwòrán egungun.

Máàkì 8 nínú 10 ni mo fún ètò náà. Mo yọ ọ̀kan nítorí èdè, mo yọ ọ̀kan nítorí pé kò bá akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ̀rọ̀ nípa ìsinmi. N kò ní fi ẹgbẹ́ mi ṣe ẹ̀rí iye ìpalára tí ó dín kù, ọmọ 22 kéré jù fún ìyẹn, ti Èkó tó fún mi. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni pé nínú àwọn mẹ́sàn-án tí àmì ṣọ́ọ̀kì wọn yí wọ inú, méje ti ń balẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá ń kọ́ àwọn tí kò tíì pé ọdún 14, kí ó wá èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún 7 sí 13, FIFA 11+ Kids. Ẹni tí kò bá sì lè ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó mọ̀ pé àwọn tí wọ́n ń ṣe é déédéé ni ìwádìí Nọ́wè rí àǹfààní rẹ̀ lára jù.

Ọmọ tí orúnkún rẹ̀ já lọ́dún tí ó kọjá kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ; ìyá rẹ̀ ṣì ń dá àjọ lórí rẹ̀. Ó máa ń wá sí pápá, ó máa ń jókòó sórí àga kékeré kan níwájú ìlà ike omi, òun ni ó sì ń mú ṣọ́ọ̀kì dání báyìí. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá, bí àwọn ọmọ ti ń fò, ó pè mí, ó ní, “Kóòṣì, ẹ wá wo ìkẹta láti apá òsì. Tòsì ni ó ń wọ inú, ó sì ń ṣe é tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́ nìkan.” Mo lọ dúró níwájú ọmọ náà, mo ní kí ó fò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ní ìkẹjọ ni mo rí i.